Ilé-ẹ̀kọ́ tí Ó Kọjú sí Ilé: Ìtàn Àwọn Ilé-ẹ̀kọ́ Jàpáànì ní Ilẹ̀ Òkèèrè

1. Ìfáárà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a fẹ́ràn èdè abínibí. Bí a bá ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa tí ó ń dàgbà ní òkè òkun kò gbọ́ Yorùbá mọ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé kí a wo àwọn ará Jàpáànì. Pé ibikíbi tí iṣẹ́ bá gbé wọn dé, wọn a dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀, ọmọ wọn a sì máa sọ èdè baba rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pinnu láti tọpa ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí n lè mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an. Òótọ́ ni pé wọ́n wà, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ èdè nìkan kọ́ ni ó gbé wọn ró. Ọ̀nà tí ó padà sí ilé ni ó gbé wọn ró: ìdánwò tí ó ń dúró de ọmọ ní ilé, ilé-iṣẹ́ tí yóò pe baba rẹ̀ padà, àti ìjọba tí ó ṣì ka ọmọ náà mọ́ ọmọ ilé. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ohun kejì tẹ̀lé e: ògiri tí ó pa èdè kan mọ́ sínú lè ti èdè mìíràn mọ́ ìta, ọmọdé ni ẹrù rẹ̀ sì máa ń wọ̀ lọ́rùn jù.

2. Irú ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń sọ

Orúkọ tí àwọn ará Jàpáànì ń pe ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni nihonjin gakkō. Bí a bá tú orúkọ náà, kì í ṣe "ilé-ẹ̀kọ́ èdè Jàpáànì" ni a ó rí, bí kò ṣe "ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Jàpáànì". Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré. Orúkọ náà kò sọ ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí a ń kọ́ ni ó sọ. Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ni àwọn tí ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí lórúkọ ń wò.

Ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti ilé mu. Òfin ẹ̀kọ́ tí Jàpáànì ṣe ní 1947 sọ ọdún 9 di ọ̀ranyàn fún ọmọ: ọdún 6 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ọdún 3 ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kékeré. Ọdún 9 yìí ni nihonjin gakkō ń kọ́ni. Oṣù kẹrin ni ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Tokyo, ìgbà yòówù kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú tí ó wà máa wọlé. Ìwé tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Jàpáànì fọwọ́ sí ni ọmọ ń kà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún un. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti ilé, tí a rán wá fún ọdún 2 tàbí 3, tí wọn yóò sì padà sí ipò wọn. Àwọn ọmọ ni ó ń gbálẹ̀ kíláàsì tí ó ń nu ilẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé. Wọ́n ní ọjọ́ eré ìdárayá tiwọn, tí àwọn òbí ń gbé oúnjẹ wá wò.

Ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà? Òfin ìpìlẹ̀ tí Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1947 sọ ní ẹ̀ka 26 pé gbogbo ará ìlú ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́, àti pé ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn yóò jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbà pé àṣẹ yìí bá ọmọ kọjá ààlà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ àwọn ará Jàpáànì tí ó wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó sábà máa ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Òbí ń san owó, àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ń dá owó, ìjọba ń rán olùkọ́, ó sì ń bá wọn san lára owó ilé.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a gbàgbé, èyí tí ó máa ń pé jọ ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú tí ó wà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Nígbà tí ó bá di Sátidé, yóò wá kọ́ èdè Jàpáànì àti ìṣirò gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn ní ilé. Lónìí nihonjin gakkō lé ní 90 káàkiri ayé, ti ọjọ́ Sátidé sì lé ní 200. Ẹ jẹ́ kí a fi irú méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá ìyàtọ̀ wọn.

3. Kí ogun tó dé

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀ ni irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti wà. Ní Singapore, àwọn ará Jàpáànì dá ọ̀kan sílẹ̀ ní 1912; ní Manila, ní 1917; ní Bangkok, ní 1926. Àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ tí ó ti tẹ̀dó sí àwọn ìlú èbúté wọ̀nyí ni ó ní ọmọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gba ọ̀nà tí ó jìn ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1908, ọkọ̀ ojú omi Kasato Maru gúnlẹ̀ sí Santos ní ilẹ̀ Bùràsíìlì pẹ̀lú ènìyàn 781 tí ó ń lọ ṣiṣẹ́ ní oko kọfí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá láti jókòó. Èrò wọn ni pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, àwọn yóò kó owó jọ, àwọn yóò sì padà. Owó oko kọfí kò sì tó gbé ẹnikẹ́ni padà. Ọmọ ń pọ̀ sí i, ọdún ń gorí ọdún. Ní 1915 wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Taisho sílẹ̀ ní ìlú São Paulo, àwọn mìíràn sì hù ní ìgbèríko níbi tí wọ́n ti ń dáko. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí fẹ́ràn èdè wọn bí ẹnikẹ́ni ti lè fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ilé tí ó dára fún ara wọn ni ẹlòmíràn nínú wọn ti ń dáwó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Ní 1938 ìjọba Getúlio Vargas, tí ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ tí ó wà ní Bùràsíìlì di ọmọ Bùràsíìlì, fi òfin de fífi èdè àjèjì kọ́ àwọn ọmọdé ní ìgbèríko, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Jàpáànì sì tì. Nígbà tí ogun parí ní 1945 tí Jàpáànì sì ti ṣubú, ó hàn sí ọ̀pọ̀ wọn pé ibi tí wọ́n wà ni wọn yóò kú sí. Èdè Potogí sì di èdè àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ ṣe àfiwé èyí pẹ̀lú ohun tí a máa ń sọ. Bí ìfẹ́ èdè nìkan bá tó, àwọn ará Bùràsíìlì wọ̀nyí ni ìbá kọ́kọ́ pa tiwọn mọ́. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà ilé. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń pè wọ́n padà, kò sí ìdánwò tí ó ń dúró de ọmọ wọn, kò sì sí ìjọba tí ó lè dá òfin Vargas dúró.

Ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà, ogun ni ó tú ilé-ẹ̀kọ́ ká. Ní oṣù kejì 1942 ọmọ-ogun Jàpáànì gba Singapore, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Syonan, wọ́n sì mú kí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa kọ́ èdè Jàpáànì. Fún àwọn onílẹ̀, èdè yìí kì í ṣe èdè oníṣòwò mọ́. Èdè ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́ ni. Ní 1945 nǹkan yí padà. Àwọn ọmọ-ogun àti ará ìlú tí ó ti òkèèrè padà sí Jàpáànì lẹ́yìn ogun lé ní mílíọ̀nù 6. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní àwọn ìlú wọ̀nyí tì, ilé tí wọ́n kọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

4. Àwọn tí iṣẹ́ gbé lọ

Ní 1952 Jàpáànì gba òmìnira rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 1956 nihonjin gakkō àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun ṣí ní Bangkok, lábẹ́ òjìji ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jàpáànì. Singapore tẹ̀lé e ní 1966. Ní New York, ti ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1976. Ilé-ẹ̀kọ́ Sátidé ti wà ní Washington láti 1958. Nígbà tí ó sì di 1971, a dá àjọ kan sílẹ̀ ní Tokyo, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ JOES, láti máa mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà ní òkèèrè.

Irú ènìyàn tí ó ń lọ ti yàtọ̀ sí ti Kasato Maru. Òṣìṣẹ́ báńkì, ti ilé-iṣẹ́ mọ́tò, ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó rán an, ilé-iṣẹ́ ni ó ń san owó ilé rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni yóò sì pè é padà lẹ́yìn bí ọdún 3 sí 5. Òun fúnra rẹ̀ kò yan ìlú tí ó ń lọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n fún ẹni yìí, a ti kọ ọjọ́ àtirelé sínú ìwé iṣẹ́ kí ó tó gbéra. Lẹ́yìn 1985, nígbà tí owó yen gbówó lórí, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáànì sì ń kó ẹ̀rọ wọn lọ sí Táílándì àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká, irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ tún pọ̀ sí i.

Àwọn onílẹ̀ kò dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá 1972 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Bangkok pe àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n má ra ọjà Jàpáànì. Ní oṣù kìíní 1974, nígbà tí Tanaka Kakuei tí ó jẹ́ olórí ìjọba Jàpáànì ṣe ìbẹ̀wò, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn sí i ní Bangkok, rògbòdìyàn ńlá sì ṣẹlẹ̀ ní Jakarta. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn ará Jàpáànì ń gbé láàárín ara wọn nìkan, pé wọn kì í bá onílẹ̀ da nǹkan pọ̀. Ní 1974 kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ Bangkok wọ abẹ́ òfin ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti Táílándì, tí ó sì ń jẹ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Táí òun Jàpáànì. N kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ohun tí mo tọ́ka sí ni pé láti ìgbà náà ilé-ẹ̀kọ́ ní olúwa méjì: ìwé ìkọ́ni rẹ̀ ń bọ̀ láti Tokyo, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Bangkok. Nípasẹ̀ olúwa kejì yìí ni ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà Táí fi di ara ètò rẹ̀.

5. Èdè wo ni a kà sí èrè?

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí a padà sí irú ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí mo sọ. Bí a bá wo àwọn ọdún 1970 àti 1980, a ó rí i pé ní àwọn ìlú Éṣíà, nihonjin gakkō ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ Jàpáànì ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, wọ́n sì ń fi Sátidé kún un. Òbí kan náà ni, ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ìdánwò kan náà ni ó ń dúró de ọmọ ní ilé. Kí ló dé tí ìwà wọn fi yàtọ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé ní Éṣíà àwọn ìdílé pọ̀ ní ìlú kan ṣoṣo, ó sì rọrùn láti kó ọmọ jọ. Ẹlòmíràn lè sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gba àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Síbẹ̀ wọn kò dáhùn ìbéèrè náà tán. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè tí a ń ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Jàpáànì. Ọmọ tí ó bá kó o bọ̀ láti New York kó ohun tí a lè tà bọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè èdè Táí ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì Tokyo. Nítorí náà, èdè onílẹ̀ kan di èrè àjò, èkejì di ohun tí ọmọ lè gbé àárín rẹ̀ fún ọdún 5 láìlò ju pé kí ó fi bá awakọ̀ àti ọmọ-ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìlú ilé ni ó ti wọn àwọn èdè náà lórí òṣùwọ̀n kí ọmọ tó wọ ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwa gan-an, nítorí pé a mọ òṣùwọ̀n náà. Àwa náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan rẹ̀ lójoojúmọ́.

6. Ọmọ tí ó padà dé

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bọ̀ ni ó ń rí ìsinmi. Orúkọ tí wọ́n fún ọmọ tí ó ti òkèèrè padà dé ni kikokushijo. Ní Jàpáànì, ìdánwò ni ilẹ̀kùn sí gírámà àgbà àti sí yunifásítì, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé a sì máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ láti múra sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí ó ti lo ọdún 4 ní ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà padà dé láìní ìmúra bẹ́ẹ̀. Àwọn àmì ìkọ̀wé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ tì í. Ó ń bi olùkọ́ ní ìbéèrè nígbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́.

Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, bí ẹni tí nǹkan kù fún ni àwọn elétò ẹ̀kọ́ ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ tí yóò mú un bá ilé mu. Àwọn tí ó tako ètò náà fún un ní orúkọ tí ó korò: gaikoku hagashi, ìyẹn ni bíbó òkèèrè kúrò lára ọmọ. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í pè ní kíláàsì, kí ẹgbẹ́ wọn má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Àwọn òbí wọn kì í ṣe mẹ̀kúnnù. Aṣojú ìjọba ni wọ́n, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì dé etí ìjọba. Ní 1978 a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àgbà ti International Christian University ní Tokyo fún àwọn ọmọ wọ̀nyí; ní 1980, ti Doshisha ní Kyoto tẹ̀lé e. Àwọn yunifásítì náà ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn. Ìwé pàtàkì méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Merry White, nínú ìwé rẹ̀ ti 1988, tẹnu mọ́ ìnira tí ó wà nínú ìpadàbọ̀. Roger Goodman, ní 1990, ní ìnira náà ti di àǹfààní. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ti di ẹgbẹ́ tuntun tí ipò wọn ga. Ní èrò tèmi, àwọn méjèèjì kò tako ara wọn. Ìnira kan gbogbo ọmọ. Àǹfààní tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ tí ó kó Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Òṣùwọ̀n tí ó yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ nígbà tí ó ń lọ náà ni ó dúró dè é nígbà tí ó ń bọ̀.

7. Ògiri náà ní àkókò tiwa

Ayé ti yí padà. Ní 2011 ilé-ẹ̀kọ́ Shanghai ṣí kíláàsì gírámà àgbà, ohun tí nihonjin gakkō kankan kò tíì ní, nítorí pé àwọn ìdílé kan ti ń pẹ́ ju bí ilé-iṣẹ́ ti rò lọ. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Sátidé, àwọn ọmọ tí baba tàbí ìyá wọn jẹ́ onílẹ̀, tí wọn kò sì ní èrò àtipadà, ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn tí yóò padà ní ọdún tí ń bọ̀. Ní oṣù kẹfà 2022 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jàpáànì ṣe òfin tí ó sọ ìdàgbàsókè àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè di ojúṣe ìjọba.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ó bani nínú jẹ́. Ní Ṣáínà, àhesọ ti ń tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé amí ni wọ́n ń kọ́ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Jàpáànì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2024, ní ìlú Suzhou, ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ sí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́. Hu Youping, obìnrin ọmọ Ṣáínà tí ó ń bójú tó àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì náà, dí i lọ́nà, ó sì bá a lọ. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jàpáànì ní Beijing rẹ àsíá sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ní Shenzhen, ẹnìkan gún ọmọ ọdún 10 lọ́bẹ bí ó ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Jàpáànì; ọmọ náà kú ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìrántí ìkọlù tí Jàpáànì fi bẹ̀rẹ̀ sí gba Manchuria ní 1931.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí ó yọ ọ̀bẹ ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe òbí. Ṣùgbọ́n òpìtàn kò lè ṣàì rí i pé ohun tí ojú ò rí nínú ọgbà ni àhesọ fi ń jẹun, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrántí ogun kò tíì kú. Kò sì gbọdọ̀ ṣàì rí i pé ẹni tí ó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà ikú ní Suzhou jẹ́ onílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ mú un sún mọ́ àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Kí ni kí a wá dá ẹni tí ó ní kí a wo àwọn ará Jàpáànì lóhùn? Kí a wò wọ́n dáadáa ni. Kí a wo Bùràsíìlì pẹ̀lú Bangkok. A ó rí i pé ẹgbẹ́ òbí tí ó dáwó jọ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n pé èdè tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní ilé kò lè pẹ́ ní òkèèrè. Ọmọ Jàpáànì tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ èdè rẹ̀ nítorí pé ní Tokyo èdè náà ni a fi ń kọ́ ìṣirò, òun ni a fi ń ṣe ìdánwò, òun ni a fi ń gba iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ Yorùbá, ilé níbí ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa àti nínú ọ́fíìsì wa.

Kí a sì kíyè sí ohun tí ó jẹ́ àléébù nínú ti wọn. Ọmọ tí ó gbé Bangkok fún ọdún 5 tí kò mọ̀ ju kíkí àti dídúpẹ́ lọ nínú èdè Táí ti pàdánù nǹkan, bí kò tilẹ̀ sí ìdánwò tí yóò sọ fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọjú sí ilé dára. Ó yẹ kí ó ní fèrèsé sí ìgboro pẹ̀lú.